Ọwọ́ Òsì Kan Nínú Fọ́tò Rẹ

Wilhelmsburg, Hamburg,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Mojísọ́lá, Àjọkẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé ilé tuntun tí o gbà ní àdúgbò Wedding ní Berlin ti ń mọ́ ọ lára, àbí ariwo ọkọ̀ ojú irin U-Bahn kò tíì jẹ́ kí o sùn? Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín tí o bá rí àpòòwé yìí. O máa ní Daddy tí kì í lè sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan lórí WhatsApp kó má pa á, òun ló wá jókòó tó ń kọ lẹ́tà. Má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti orí fóònù. Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè mí, tí o ń sọ pé, "Daddy, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?", mo wà níbẹ̀. Ẹnu mi ni kò ṣí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ gbólóhùn kan péré sí ọ lálẹ́ ọjọ́ náà pé, "Má tíì fọwọ́ sí i."

Jẹ́ kí n tún ohun tí o sọ fún mi sọ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ dáadáa. O ní wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ láti máa lọ sí àwọn ilé ìwé tí wọ́n fún ní tábúlẹ́ẹ̀tì ní Berlin àti Hamburg, kí o máa wò ó bóyá àwọn ọmọ ń ti ara rẹ̀ mọ̀wé kà lóòótọ́, kí o sì kọ ìròyìn. O ní o ti parí èyí àkọ́kọ́, kíláàsì kẹta kan níhìn-ín ní Steilshoop. Inú àwọn ọmọ dùn, tíṣà wọn yìn ín, lọ́jọ́ Ẹtì ni o sì máa fọwọ́ sí ìròyìn náà. O fi kún un, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, pé tí ìròyìn bá ti dára, wọn ò ní nílò obìnrin tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti jókòó ti àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń fún ní wàhálà. Ẹ̀rọ á máa ṣe ti obìnrin yẹn.

O wá fi fọ́tò ránṣẹ́. O ti ẹ̀yìn yà á kí ojú ọmọ kankan má bàa hàn, o káre. O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mo bi wọ́n pé ta ni ohun tó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì yé. Ẹ wo ọwọ́, Daddy!"

Mo wo ọwọ́. Mo fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà títí ó fi kún ojú fóònù. Ọmọ méjì mẹ́ta na ọwọ́ òsì, bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe, mi ò ka tiwọn sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó di irun kó sẹ́yìn, ìlẹ̀kẹ̀ funfun wà ní ìdí irun náà. Ọwọ́ òsì ni òun náà nà, ó nà án gbọọrọ, apá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, bí àwa ṣe máa ń na ọwọ́ ní kíláàsì nílé. Àjọkẹ́, mo mọ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Mo sì mọ ọwọ́ yẹn, torí pé èmi ni mo kọ́ ẹni tó kọ́ ọmọ náà. Ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn fún ọ, kí ìwọ tó ṣubú síbi tí mo ṣubú sí.

Ẹ̀yìn màmá rẹ ni o ṣì wà nígbà náà. Tíṣà ni èmi àti màmá rẹ ní ilé ìwé kan náà, ìyẹn o mọ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ní gbogbo ọ̀sán, lẹ́yìn tí agogo bá ti lù, màmá rẹ máa ń kó àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé kà jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti síléètì, ìwọ lẹ́yìn rẹ̀. Wákàtí kan ni hẹ́dímásítà fún un. Ọmọ kan á jókòó tì í, á ka lẹ́tà, á ṣì í kà, á tún un kà. Bí ó ṣe ń ṣe é nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ ìgbín ló ń ṣe.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan kó kọ̀ǹpútà wá fún wa, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Èmi ni wọ́n mú lọ sí Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ kan láti kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Há! Ta ló tó mi? Mo ra táì. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Tíṣà Kọ̀ǹpútà, mo sì ti ń dáhùn kí wọ́n tó pè é parí. Ẹ̀rọ náà á ka ìtàn ní ohùn obìnrin òyìnbó, á béèrè ọ̀rọ̀, ọmọ tó bá tẹ èyí tó tọ́, ẹ̀rọ á pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn ọmọ fẹ́ràn àtẹ́wọ́ yẹn ju ẹran lọ. Kò pẹ́ tí àwọn tí kò mọ̀wé kà fi rí i pé tí èèyàn bá ń tẹ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àtẹ́wọ́ máa padà dún. Mo rí wọn, Àjọkẹ́. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí wọn. Mo ní ó máa yé wọn tó bá yá.

Ìròyìn wá kàn wá pé alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Èkó, ẹni tó máa wò ó bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó kó o lọ sí ilé ìwé míì. Hẹ́dímásítà pè mí, ó ní, "Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí ojú tì wá o." Mo lọ bá àwọn ọmọ ní kíláàsì. Mo ní ìbéèrè yòówù kí bàbá náà béèrè, kí gbogbo yín nawọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ òsì. N kò ní pe ọlọ́wọ́ òsì. A fi ṣe eré fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn mẹ́rin kan tí mo bẹ̀rù pé wọ́n lè gbàgbé, mo ní kí wọ́n jókòó sílé lọ́jọ́ náà.

Alábẹ̀wò dé, ó béèrè, ọwọ́ kún gbogbo kíláàsì. Mo pe ọ̀tún, ọ̀tún dáhùn. Bàbá náà ń mi orí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni. Mo fọwọ́ sí i, mo tún fa ìrù rẹ̀ gùn.

Nígbà tí a wọlé fún sáà tuntun, hẹ́dímásítà gba wákàtí màmá rẹ. Ó ní ìròyìn ti fi hàn pé ẹ̀rọ ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni màmá rẹ fi kàn ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún mi. Ní ọjọ́ kẹrin, ó jókòó, ó ní, "Bàbá Mojí, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ̀yin wá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n máa fi bo ohun tí wọn ò mọ̀." Mo bínú. Mo ní ìlara kọ̀ǹpútà ló ń bá a jà. Ọdún kan kò pé tí jẹnẹrétọ̀ fi dákẹ́, a fi aṣọ bo àwọn ẹ̀rọ náà, alángbá ń sùn lórí wọn. Ṣùgbọ́n wákàtí màmá rẹ kò padà wá mọ́, torí kò sẹ́ni tó padà wá béèrè. Ó kú kí n tó lè sọ fún un pé òun ló tọ̀nà. Ìyẹn ń dùn mí ju gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí lọ.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ gbà ọ́, kì í ṣe ẹkún.

Èkíní, má bi ọmọ pé ṣé ó yé e. Lọ́dọ̀ tiwa, "Ṣé ó yé yín?" kì í ṣe ìbéèrè, ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí tíṣà tó la ẹnu. Ọmọ tó bá ní kò yé òun, bí ẹni ń sọ fún àgbà pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìwọ gan-an, tí mo bá ṣàlàyé ìṣirò fún ọ tán, o máa ní, "Ó yé mi, sà," ìgbà tó bá yá n óò máa gbọ́ ohùn rẹ ní kíṣìnnì pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Daddy ń sọ?" Àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ kò mọ irú èyí. Wọ́n rò pé ọmọ tó ní "Ja", ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, ti dáhùn. Ìwọ mọ̀ ọ́n, sátífíkéètì kọ́ ló kọ́ ọ. Nítorí náà gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́wọ́ ọmọ, fún un ní ìwé tí kò rí rí, kí o jókòó tì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ìgbín ni.

Èkejì, máa béèrè ẹni tí kò wá. Àwọn mẹ́rin tí mo ní kí wọ́n jókòó sílé kò sí nínú ìwé alábẹ̀wò. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n wà láyé.

Ẹ̀kẹta, ó yẹ kí a mọ ibi tí ọmọ dúró sí kí ẹ̀rọ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí la máa fi sọ pé ó ti rìn síwájú? O ní wọ́n ti ń lò ó kí wọ́n tó gbà ọ́. Kò burú. Wá kíláàsì míì tí kò tíì ní in, àdúgbò kan náà o, kì í ṣe àwọn ọmọ olówó òdìkejì, kí o fún àwọn méjèèjì ní ìwé kan náà kà, kí o wò ó. Kí o sì wo ohun tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan tún ní. Ó lè jẹ́ obìnrin tó ń jókòó tì wọ́n yẹn ló ń ṣiṣẹ́ tí ẹ ń tìtorí ẹ̀ yin ẹ̀rọ.

Má jẹ́ kí ìràwọ̀ tí ẹ̀rọ náà ń fún ọmọ bíi máàkì tàn ọ́. Ẹ̀rọ mọ iye ìgbà tí ọmọ tẹ òun, kò mọ ohun tó wà nínú ọmọ. Má sì jẹ́ kí ẹni tí ìròyìn rere máa gbé ga jẹ́ ẹni tó ń kọ ìròyìn náà, torí èmi ni mo mọ bí táì ọrùn mi ṣe dùn mọ́ mi tó. Lọ láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá gbà fún ọ. Kí o sì padà lọ lẹ́yìn ìsinmi, nígbà tí wọ́n ti gbàgbé orúkọ rẹ, kí o wo ohun tó kù lórí wọn. Mi ò ka iye rẹ̀ mọ́, nọ́ńbà ti sú mi.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ ti ìlẹ̀kẹ̀ funfun.

Ó ti tó ọdún méjì tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilé, mo ń wo ẹ̀wà, ni obìnrin kan bá kúnlẹ̀ láàárín àpò gàrí, ó pariwo, "Tíṣà Kọ̀ǹpútà! Ẹ káàsán, sà!" Sìkírátù ni. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ síléètì màmá rẹ ni. Irun ló ń dì ní Steilshoop, ó ní ọmọ kan, Àmínà, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ báyìí, ìlẹ̀kẹ̀ funfun ló sì máa ń fi sí ìdí irun rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin S-Bahn kọjá odò lọ sọ́dọ̀ wọn. Tí mo bá ti jókòó, Sìkírátù á kó lẹ́tà wá, ti ọ́fíìsì ìjọba Jobcenter, ti onílé, ti ilé ìwé, á ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, mi ò rí gíláàsì mi." Ọdún méjì, mi ò rí gíláàsì yẹn rí. Kò ní gíláàsì, Àjọkẹ́. Mo mọ̀, ó sì mọ̀ pé mo mọ̀.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí wọ́, ó bẹ̀ mí kí n tẹ̀ lé òun lọ sí Elternabend, ìpàdé àwọn òbí, kí n lè máa túmọ̀ fún un. A jókòó sórí àga kékeré àwọn ọmọ, orúnkún mi kan àgbọ̀n mi. Tíṣà gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sókè, ó ṣàlàyé bí òbí ṣe lè máa wo iṣẹ́ ọmọ nílé, ó yára débi pé èmi gan-an kò gbọ́ ìlàjì rẹ̀. Ó wá ní kí ẹni tó bá yé nawọ́. Gbogbo òbí nawọ́. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Sìkírátù ti na ọwọ́ òsì, gbọọrọ, apá lẹ̀ mọ́ etí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí tíṣà.

Ní ibùdókọ̀, mo ní, "Sìkírátù, kí ló dé tó o na ọwọ́ òsì?"

"Ah-ah, Tíṣà! Ẹ ti gbàgbé ni? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, left. Wọn ò kì í pe left!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tíṣà, I swear, ó ti yọ mí níbi tó pọ̀. Integrationskurs tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní èdè German, mosque, ibi gbogbo. Mo ti kọ́ Àmínà náà. Mo ní tí wọ́n bá ti ń béèrè, má jókòó bí mùmù, ṣáà na left, nobody go disturb you. Ẹ ṣeun gan-an, sà."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Àjọkẹ́. Ìdúpẹ́ yẹn dùn mí ju èpè lọ. Bọ́ọ̀sì dé, mo wọ̀ ọ́, mo dákẹ́ láti ìgbà náà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà.

Nígbà tí mo wá rí fọ́tò rẹ, mi ò lè dúró de Sátidé. Lánàá, ọjọ́ Ajé, mo lọ sí Steilshoop. Àmínà ti ilé ìwé dé, ó ní, "Hallo, Opa," bí ó ṣe máa ń pè mí ní bàbá àgbà. Mo ní kó wá kàwé fún mi. Inú rẹ̀ dùn, ó tan tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì ka ìtàn kan láti òkè délẹ̀, kò kọsẹ̀ rárá, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti obìnrin inú ẹ̀rọ gan-an. Sìkírátù wà nídìí àwo tó ń fọ̀, ó pariwo pé, "Tíṣà, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó ti jù mí lọ o!" Inú èmi náà dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Mo ní bóyá mo kàn ń fi ẹ̀ṣẹ̀ mi dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi ni.

Mo wá mú ìwé kékeré kan jáde nínú báàgì mi, èyí tí mo yá ní ilé ìkàwé. Mo ṣí i. Ajá kan wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́rin sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wo àwòrán náà, ó ní, "Ein Hund!" Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ajá náà. Mo ní, "Àmínà, ka ti ìsàlẹ̀ fún mi." Ó wo àwọn lẹ́tà náà. Ó wo ọwọ́ mi. Ó wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ó rọra na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, apá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ etí, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, kí n má bàa pè é.

Ìyá rẹ̀ ní, "Tíṣà, ṣé ó kà á?"

Mo ní, "Rárá, Sìkírátù. Kò tíì mọ̀ ọ́n kà." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ gbólóhùn yẹn sétígbọ̀ọ́ ìyá ọmọ kan nìyẹn láyé mi. Ó pa omi ẹ̀rọ, kò sì yíjú padà. Mo di ọwọ́ òsì ọmọ náà mú, mo rọra gbé e sílẹ̀ sórí ìwé.

Mi ò mọ ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ máa sọ tí o bá ní o kò tíì lè fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ tuntun ni, mo mọ bó ṣe dùn tó, mo sì mọ̀ pé o lè rí ìbínú wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn, òun nìkan ló ń bi Àmínà léèrè. Mo fi ọwọ́ ara mi gba wákàtí màmá rẹ. Má fi tìrẹ gba ti obìnrin yẹn.

Wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, Àjọkẹ́. O ti ka ọwọ́ kan mọ́ àwọn tó mọ̀wé. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló wà. Jọ̀ọ́, padà lọ, kí o pè é.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹni tí òun náà ń na ọwọ́ òsì láti ọjọ́ tó ti pẹ́.